Ìlà-ìlọ́ Ara Bóòtù

Àwọn atúmọ̀ èdè mìíràn a máa pe ìlà tí ó lọ́ mọ́ bóòtù lára ní ‘òwú’, nítorí pé orúkọ kan ni Gẹ̀ẹ́sì fún méjèèjì. Kí ni èyí yóò wúlò fún mẹkáníìkì tí ó ń sọ ọkọ̀ àtijọ́ dọ̀tun ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń mú irin dípẹtà? Òwú a máa já. Ìlà-ìlọ́ a máa jẹ ni.

Bí ó bá jẹ díẹ̀, epo àti táàpù tó láti tọ́ ojú rẹ̀ ṣe. Bí ó bá jẹ tán nínú ihò, mẹkáníìkì a lu ihò náà fẹ̀, a gé ìlà tuntun sí i, a sì fi wáyà líle tí a ká sínú rẹ̀, kí bóòtù àtijọ́ lè wọ̀ ọ́ padà.

Àlàfo láàárín ìlà méjì ni ọ̀rọ̀ wà. Bóòtù onílàjì ínṣì ti Joseph Whitworth, ẹni tí ó dábàá ìlànà rẹ̀ ní 1841, ní ìlà 12 nínú ínṣì kan. Ti Amẹ́ríkà tí ìlà rẹ̀ fẹ̀ ní 13. Nọ́ọ̀tì èyí a wọ tọ̀hún díẹ̀, a sì há. Ẹni tí ó bá fi ipá yí i ti ba méjèèjì jẹ́, bí ìwé ìlànà kò bá ní ‘àlàfo-ìlà’ láti fi kìlọ̀ fún un.