Kóríáńdà Ti Wà Nínú Ìkòkò Wa Tipẹ́

Ẹni tó bu kọ́rì sí adìẹ tó fẹ́ sè ti bu kóríáńdà sí i, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Àpòpọ̀ ni kọ́rì. Ata ilẹ̀ pupa ló ń fún un ní àwọ̀, ṣùgbọ́n èso kóríáńdà tí wọ́n lọ̀ kúnná wà lára ohun pàtàkì tó ń mú un ta sánsán. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ń yà mí sí àwọn tó ń sọ pé oúnjẹ àjèjì ni, pé kò bá ẹnu Yorùbá mu. Àjèjì ni ewé rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná wa lóòótọ́. Èso rẹ̀ kì í ṣe àjèjì rárá. Àwọn tó ń ka Bíbélì pàápàá ti bá a pàdé nínú Ẹ́kísódù orí 16, níbi tí wọ́n ti fi mánà wé e.

Ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni pé ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo ló ń mú adùn méjì tí kò jọra wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ewé rẹ̀ ti tó já. Bí ooru bá mú un jù, á ta sókè kíákíá, á yọ òdòdó wẹ́wẹ́, á so. Èso tútù ṣì ń rùn bí ewé. Ó di ìgbà tó bá gbẹ kí òórùn rẹ̀ tó yí padà sí ohun tó jọ ti èèpo ọsàn, nítorí èròjà linalool tó pọ̀ nínú òróró rẹ̀. Èròjà aldehyde ló wà nínú ewé ní tirẹ̀, irú èyí tó wà nínú ọṣẹ àti lára àwọn kòkòrò kan, nítorí náà ẹni tó ní ọṣẹ lòun tọ́ wò kò purọ́. Ní 2012, àwọn olùwádìí 23andMe, iléeṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò àbùdá, rí i pé ọ̀rọ̀ náà so mọ́ jíìnì OR6A2, tó jẹ mọ́ bí imú ṣe ń gbóòórùn. Julia Child, gbajúmọ̀ alásè ará Amẹ́ríkà, ní bí òun bá rí i nínú oúnjẹ, ńṣe lòun á ṣà á dànù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà fi hàn pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ipa àjogúnbá nínú rẹ̀. Ìyókù, lójú tèmi, àìmọ́ra ni. Gígún náà sì ń dín òórùn bí ọṣẹ yẹn kù: bí àwọn ará Íńdíà bá fi ata tútù gún ewé náà pọ̀, aldehyde yẹn á tètè máa túká.

Ẹlòmíì á ní, kí la fẹ́ fi ṣe nígbà tí ẹfinrin wà? Ìbéèrè gidi nìyẹn, n ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi rọ́pò ẹfinrin. Nínú ọbẹ̀ tí irú ti jọba, ìjà ni ewé kóríáńdà máa dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kò lè bá epo pupa gbé inú ìkòkò kan náà, kó wo Bahia ní Bùràsíìlì. Àwọn Pọtogí ló gbé ewé náà débẹ̀; ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni epo pupa gbà wọ ilé ìdáná ibẹ̀. Bí wọ́n bá ń se moqueca, ọbẹ̀ ẹja wọn, wọ́n á to àlùbọ́sà, tòmátì àti tàtàṣé tí wọ́n gé roboto sínú ìkòkò pẹ̀lú ẹja, wọ́n á da wàrà àgbọn àti epo pupa sí i, wọ́n á wá bu ewé kóríáńdà lé e nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí iná máa ń pa òórùn rẹ̀.

Èso ò rí bẹ́ẹ̀. Iná ló ń jí i. Èyí tí wọ́n ti lọ̀, tó ti pẹ́ nínú agolo, kì í fi bẹ́ẹ̀ lóòórùn mọ́. Odindi ló yẹ kéèyàn rà, kó yan án nínú ìkòkò gbígbẹ láìfi epo sí i títí òórùn rẹ̀ á fi gba ilé kan, kó lọ̀ ọ́, kó sì fi òun, iyọ̀ àti ata pa ẹja lára kó tó dín in.