Kí Ẹ Tó Fi Owó Ẹgbẹ́ Ra Ojú Kọ̀ǹpútà



Nínú àwọn ìwé ẹgbẹ́ tí a ń yẹ̀ wò, a rí i pé ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ ń torí rẹ̀ yá owó ti ń pọ̀ sí i. Ajílẹ̀, páànù àti owó ilé ìwé ọmọ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀, èyí ni ojú kọ̀ǹpútà tí a ń rà lọ́tọ̀, ti wọ àárín wọn. Ẹnì kan fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tí ó wà ní Ìlá. Ẹlòmíràn fẹ́ ṣí ilé géèmù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù orí PlayStation ní ìrọ̀lẹ́. Ojú láptọ́ọ̀pù ti ẹlòmíràn ni ó fọ́, ó sì ṣírò pé mọ́nítọ̀ yóò dínwó ju láptọ́ọ̀pù titun lọ. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí. Ní ẹgbẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó láti fi ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ mẹ́rin fún ilé géèmù. Ó bá wọn ní ọ̀pọ̀, ó sì sanwó. Ìgbà tí ó délé ni ó rí i pé ihò VGA nìkan ni ó wà lẹ́yìn wọn, ihò aláwọ̀ búlúù tí ó ní ojú kéékèèké 15. HDMI nìkan sì ni PlayStation 4 fi ń gbé àwòrán jáde. Ó tún náwó sí ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ ọ̀kan di èkejì. Àwòrán jáde, ohùn kò jáde, nítorí VGA kì í gbé ohùn. Nígbà tí owó kò wọlé mọ́, àwọn onídùúró méjèèjì ni ìgbìmọ̀ kọjú sí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tí ń ta èlùbọ́, tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ géèmù. A wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ owó náà nínú àjẹṣẹ́kù rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn gba ìwé rẹ̀, ó sì jókòó.

Nítorí náà, ohun tí a óò so mọ́ mọ́nítọ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lè ní VGA, èyí tí ó tẹ̀ lé e sábà máa ń ní HDMI. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kan kò ní ju USB-C lọ, kì í sì í ṣe gbogbo USB-C ni ó ń gbé àwòrán jáde. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání lọ sí ọjà, ì báà ṣe Òṣogbo tàbí Computer Village ní Ìkẹjà. Owó ọkọ̀ láti Ìlá lọ sí Ìkẹjà láti lọ dá ọjà padà kì í ṣe kékeré.

Fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kí ọ̀rọ̀ hàn kedere ni ó ṣe pàtàkì jù. Mọ́nítọ̀ íǹsì 24 tí ó ní àmì 1920 × 1080 tó fún ẹni tí ó fẹ́ tẹ ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́. Kódà, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbùú àti lóròó, tí ó jẹ́ íǹsì 19, ṣì ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé dáadáa bí owó kò bá pọ̀. Ẹ má fi ṣe géèmù ṣá, nítorí àwòrán géèmù ìsinsìnyí fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ.

Ní ti géèmù, ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn òǹtajà pé "èyí jẹ́ 144 Hz." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mọ́nítọ̀ náà lè pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 144 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ń ṣe 60. Ọ̀rọ̀ òǹtajà náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n 60 náà ni PlayStation 4 ń dúró sí. PlayStation 5 tí ó jáde ní ọdún 2020 lè dé 120, nínú àwọn géèmù kan. Ẹni tí ó ní PlayStation 4 tí ó wá ra 144, ó ti sanwó fún ohun tí kò ní rí.

Ohun tí a rò pé ó sàn kí onílé géèmù náwó sí ni irú ojú tí wọ́n ń pè ní IPS. Àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹ sì mọ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń rọ̀gbà yí ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù ká. TN yára, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣú tàbí kí ó funfun bí a bá wò ó láti ìsàlẹ̀. Kí ẹ sì wò bóyá ó ní sípíkà, tàbí ihò tí a lè ki okùn sípíkà sí.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Mọ́nítọ̀ LED íǹsì 24 sábà máa ń gba nǹkan bí wáàtì 20 sí 30. Àwọn onídìí gbọ̀ngbọ̀ ayé àtijọ́ lè gba 80. Mẹ́rin irú èyí lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré jẹ́ wáàtì 320, kí PlayStation tó gba tirẹ̀. Ẹ ka ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: 100–240 V ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án fún bí ìdajì wákàtí. Kí wọ́n fi àwọ̀ funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù kún ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó ti kú yóò hàn bí àmì kékeré tí kò yí padà.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí irú owó yìí, ẹ béèrè orúkọ mọ́nítọ̀ náà, ihò tí ó ní àti ohun tí yóò so mọ́ ọn, kí àwọn onídùúró sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń dáhùn. Lẹ́yìn náà, kí akọ̀wé kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà sínú ìwé, kí ó sì lẹ rísíìtì mọ́ ọn. Ojú ewé yẹn ni a óò kọ́kọ́ ṣí nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ yín.