Ilé Sinimá Owó Pọ́ọ́kú: Ta Ló Jèrè, Ta Ló Pàdánù?

Ẹ̀yin òǹtàjà, ẹ gbọ́ èyí ná. Ká ní ọkùnrin kan wá sí ìsọ̀ yín, ó gbé páálí kan lọ́wọ́, wọ́n ya àwòrán mèremère sára páálí náà, wọ́n sì kọ orúkọ ọjà sí i gàgàrà. Ẹ béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó ní kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀; bí ẹ bá fẹ́ràn àwòrán náà tí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ó rà á, nígbà náà ni òun yóò lọ wá ohun tí òun yóò kó sínú rẹ̀. Gbájúẹ̀ ni ẹ ó pè é, bóyá ẹ ó tilẹ̀ ké sí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni James H. Nicholson ṣe ń ta sinimá ní Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, ó sì rí ṣe nídìí rẹ̀.

Orúkọ eré ni Nicholson máa ń kọ́kọ́ rò. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí wọ́n ya pósítà rẹ̀: ẹranko abàmì tí ó gbé omidan dání, tàbí ọmọge olójú líle tí ó di ìbọn mú. Yóò wá fi í han àwọn tí ó ni ilé ìwòran. Bí ojú wọn bá wọ̀ ọ́, ó kù kí ẹnìkan jókòó kọ ìtàn tí yóò bá pósítà mu. Bí wọ́n bá yínmú sí i, páálí kan péré ni ó ṣòfò.

Ní ọdún 1954 ni òun àti lọ́yà kan, Samuel Z. Arkoff, dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ó yá ni wọ́n sọ ọ́ ní American International Pictures. Àkókò náà bá wọn lára mu. Ní 1948, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ kan tí ó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá ńláńlá yọwọ́ nínú àwọn ilé ìwòran tí wọ́n ni. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sì ti wọ ilé àwọn àgbà, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jáde lálẹ́ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ni ilé kò gbà: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bàbá wọn wà níbẹ̀, dọ́là kan tàbí méjì wà lápò, wọ́n sì ń wá ibi tí ojú òbí kò ní tó wọn. Wọn a wa ọkọ̀ wọ gbàgede ńlá kan, wọn a jókòó sínú rẹ̀ láti wo eré lójú aṣọ funfun tí a ta sókè. Eré méjì ni wọ́n máa ń fi hàn léraléra fún owó kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni Nicholson àti Arkoff ń pa ọjà wọn fún. Kí a má purọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wo eré náà dé ìdajì.

Láìpẹ́ yìí ni mo tún jókòó ti díẹ̀ nínú àwọn eré náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó dára. Àwọn kan burú débi pé ẹ̀rín ni wọ́n ń pa ènìyàn níbi tí ó yẹ kí ẹ̀rù wà. Ohun tí ó mú mi padà sídìí wọn ni pé mo fẹ́ mọ ohun tí ó dé bá àwọn tí ó ṣe wọ́n.

Ẹni tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù lọ ni Roger Corman, tí wọ́n bí ní ìlú Detroit ní 1926. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó kọ́ ní yunifásítì Stanford. Ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ iná, ó wọlé lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ ojú oníṣẹ́ ẹ̀rọ kò kúrò lára rẹ̀. Kò sí pákó tàbí ìṣó tí kì í bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé kò tún ní wúlò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wo bí ó ti ṣe The Little Shop of Horrors. Wọ́n ti kọ́ ilé onípákó kan sínú gbọ̀ngàn ìyàwòrán fún eré mìíràn. Dípò kí ilé náà lọ bẹ́ẹ̀, Corman kó àwọn òṣèré rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ méjì ya gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ti ìta gbangba ni wọ́n yà lọ́tọ̀. Nǹkan bí dọ́là 30,000 ni eré náà ná wọn. Ìtàn ọmọkùnrin kan ni, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ òdòdó, tí ó ń sin igi kan tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jọ̀ọ́ tún fi kún ìrora náà fún òun. Jack Nicholson ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. (Kì í ṣe mọ̀lẹ́bí Nicholson onípósítà.) Corman kò rò pé eré yìí lè pa owó lẹ́ẹ̀kejì, kò sì bìkítà láti fi òfin dáàbò bò ó. Ní 1982 àwọn mìíràn sọ ọ́ di eré olórin lórí ìtàgé ní New York, ó sì di gbajúmọ̀.

Ní 1960 kan náà ni ó ṣe House of Usher fún American International, láti inú ìtàn Edgar Allan Poe, ọjọ́ 15 ni ó sì fi yà á. Ilé kan gbọ́dọ̀ jóná ní ìparí rẹ̀. Corman gbọ́ pé àgbẹ̀ kan fẹ́ wó àbà àtijọ́ rẹ̀. Ó fún un lówó díẹ̀, ó ní kí ó má wó o mọ́, kí ó jẹ́ kí àwọn dáná sun ún lóru. Iná ọjọ́ náà kò kú mọ́. Bí ẹ bá wo àwọn eré Poe tí ó tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀, igi àjà kan náà ni ẹ ó máa rí tí ń jábọ́ nínú iná kan náà, láti eré dé eré.

Ti 1963 ni ó wá kọjá àlà. Wọ́n ti parí eré The Raven, ilé onípákó rẹ̀ sì wà ní ìdúró. Corman bẹ àgbà òṣèré Boris Karloff pé kí ó fi ọjọ́ méjì kún un, ó ní kí ó máa rìn lọ, kí ó máa rìn bọ̀, kí ó máa sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ìtàn kan ti délẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ó rán àwọn ọ̀dọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ ya èyí tí ó kù. Francis Coppola wà lára wọn. Orúkọ eré náà ni The Terror. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì báyìí, n kò sì lè sọ fún yín ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó nìkan ni ọkùnrin yìí mọ̀. Ní 1962, òun àti Gene àbúrò rẹ̀ fi owó ara wọn sí eré kan tí ẹlòmíràn kò fẹ́ fọwọ́ kàn, The Intruder. Ìtàn oníwàhálà kan ni, aláwọ̀ funfun, tí ó wọ ìlú kékeré kan ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà láti kó àwọn aláwọ̀ funfun jọ, kí wọ́n má gbà pé kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́wàá wọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ìlú kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Missouri ni wọ́n ti yà á. Àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ṣe èrò inú rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ gbogbo ìtàn náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú síta, wọ́n halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì lé wọn kúrò níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán. Àwọn tí ó mọ eré yìn ín; àwọn òǹwòran kò wá. Corman pàdánù owó. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo eré wọ̀nyí fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà, èyí ni kí ó mú, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ dá wò ó nítorí èébú tí ó wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Corman ti pinnu pé òun kò ní gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ní ìhòhò mọ́. Ó ní kí ìgbádùn wà lókè, kí ọ̀rọ̀ wà lábẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń fi oyin bo oògùn ọmọ.

Nígbà tí ó kúrò lọ́dọ̀ Arkoff tí ó dá New World Pictures tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1970, òfin tí ó fún àwọn olùdarí eré rẹ̀ kò ta kókó. Kí ìjà máa wà, kí ọmọge máa bọ́ aṣọ láti ìgbà dé ìgbà, kí eré má gùn, kí owó má sì lé. Bí o bá ti san gbèsè yìí, ohun yòówù tí o bá fẹ́ sọ, máa sọ ọ́. Ibi tí òmìnira wà nìyẹn, ibi tí ìwà ìrẹ́nijẹ sì wà nìyẹn pẹ̀lú, nítorí ara àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n fi ń san gbèsè náà. Àwọn eré kan wà nípa àwọn obìnrin inú ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n lọ yà ní ilẹ̀ Philippines nítorí pé owó iṣẹ́ kéré níbẹ̀. N kò lè bá ẹnì kankan jókòó wò wọ́n, n kò sì ní kí ẹ̀yin lọ wá wọn.

Stephanie Rothman ni obìnrin tí ó gba òfin yẹn, tí ó sì fi ọgbọ́n lò ó. Òun ni ó darí The Student Nurses ní 1970. Pósítà ṣèlérí ọmọge nọ́ọ̀sì mẹ́rin, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ṣùgbọ́n nínú eré náà ọ̀kan nínú wọn lóyún tí kò fẹ́, ẹ sì rí bí wọ́n ṣe ń ti obìnrin síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú àwọn oníṣègùn, nígbà tí ilé ẹjọ́ àgbà Amẹ́ríkà kò tíì dá ẹjọ́ 1973 lórí ìṣẹ́yún. Òmíràn nínú wọn di alájọjà pẹ̀lú àwọn ará Mexico tí ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn nínú ìlú. Ilé ńlá wo ni ì bá gba obìnrin láàyè láti fi irú èyí hàn nígbà náà? Eré náà sì pa owó gidi fún Corman.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń ka orúkọ àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilé Corman, wọ́n sì pọ̀. Coppola jáde níbẹ̀, ó lọ ṣe The Godfather ní 1972. Martin Scorsese ṣe Boxcar Bertha fún Corman lọ́dún kan náà. Ní 1973 ó ti ṣe Mean Streets. Jonathan Demme bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ní 1974, ó gba ẹ̀bùn Oscar ní 1992. James Cameron ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké fún Battle Beyond the Stars, èyí tí ó jáde ní 1980. Gbogbo yín ni ẹ mọ Titanic. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún owó táṣẹ́rẹ́, wọn kò sùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àwọn ilé ńlá ṣí fún wọn. Ilẹ̀kùn yẹn kò ṣí fún Rothman. Lẹ́yìn The Working Girls ní 1974 kò tún darí eré kankan mọ́. Ohun tí wọ́n fi yin àwọn ọkùnrin pé wọ́n lè fi owó kékeré ṣe ohun ńlá, òun náà ni wọ́n fi kọ̀ ọ́, pé eré rádaràda ni ó ń ṣe. Kí n má fi nǹkan kan pamọ́: Gale Anne Hurd, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé Corman, di ẹni tí ó ṣètò The Terminator ní 1984. Nítorí náà ilẹ̀kùn kò tì pátápátá mọ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ọkùnrin, kí ẹ tún ka iye obìnrin.

Pam Grier náà wà níbẹ̀. Tẹlifóònù ni ó ń dáhùn ní American International kí wọ́n tó fi í sínú eré. Òun ni orí pósítà Coffy ní 1973 àti Foxy Brown ní 1974, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀san. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó tún fún un ní eré tí ó tó o, Jackie Brown, ní 1997.

Kí ni ó pa àwọn ilé owó pọ́ọ́kú náà? Àwọn ilé ńlá wá jí ọjà wọn. Jaws tí ó jáde ní 1975 àti Star Wars ní 1977, irú ọjà Corman ni méjèèjì, àfi pé owó rẹpẹtẹ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ẹranko onírọ́bà kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 1979 American International wọ inú Filmways. Ní 1983 Corman ta New World. Ní 2009 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ọlá Oscar, ó sì kú ní May 2024 ní ẹni ọdún 98.

Èyí tí mo fi sí ìkẹyìn ni Blacula, tí American International gbé jáde ní 1972. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rẹ́rìn-ín: Dracula, òkú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ní àwọ̀ dúdú. Ọkùnrin dúdú ni olùdarí rẹ̀, William Crain. William Marshall, tí ó ti ṣe Othello lórí ìtàgé, tí ohùn rẹ̀ dà bí ìlù ààfin, ni wọ́n pè láti ṣe òkú náà. Andrew Brown ni orúkọ tí wọ́n kọ fún un nínú ìwé eré. Marshall ní òun kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó dúró lé e lórí títí wọ́n fi sọ ọ́ di ọmọ ọba láti ilẹ̀ Áfíríkà, Mamuwalde. (Irú orúkọ yìí, n kò mọ ìran tí ó ń jẹ́ ẹ. Bí ẹni pé wọ́n gbọ́ Wándé láti ọ̀nà jíjìn ni.) Ní 1780 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọba àti ìyàwó rẹ̀ Luva jókòó nídìí tábìlì Dracula ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá àwọn fi òpin sí òwò ẹrú. Dracula fi í rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ ń díye lé ìyàwó rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Nígbà tí Marshall dìde lórí àga láti dá a lóhùn, ẹ ó gbàgbé pósítà, ẹ ó gbàgbé pé eré owó pọ́ọ́kú ni ẹ ń wò.

Eyín Dracula ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó dà. Wọ́n tì í mọ́ inú pósí fún nǹkan bí igba ọdún, títí àwọn méjì kan fi ra pósí náà pẹ̀lú àwọn ẹrù àtijọ́ mìíràn, tí wọ́n sì gbé e wá sí Los Angeles. Èyí tí ó tẹ̀lé e jọ ti gbogbo ìtàn òkú amẹ̀jẹ̀: ẹ̀jẹ̀, ọlọ́pàá, eré sísá. Ní ìparí, nígbà tí obìnrin tí ó rí bí Luva ti kú lójú rẹ̀, àwọn ọ̀tá rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú ohun ìjà. Kò dúró dè wọ́n. Ó yí ẹ̀yìn padà sí wọn, ó gun àtẹ̀gùn náà fúnra rẹ̀, ó sì jáde lọ pàdé oòrùn.