Kókó líle lábẹ́ awọ ọmọdé

Pilomatricoma jẹ́ kókó líle lábẹ́ awọ, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìdí irun ló ti ń yọ, pàápàá lójú, lọ́rùn tàbí lápá ọmọdé. Àwọn oníṣègùn Malherbe àti Chenantais ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1880, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì máa ń ṣì í mú fún kókó lásán. Ìka dókítà ló kọ́kọ́ ń fura sí i: ó le bí òkúta, bí wọ́n bá sì fa awọ orí rẹ̀, igun rẹ̀ á yọ. Bí òbí bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lára ọmọ ní Kútọnu, ẹ̀ka àrùn awọ wà ní ilé ìwòsàn CNHU Hubert Koutoukou Maga. Kí òbí má fi abẹ là á nílé rárá. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n fi ń yọ ọ́, àyẹ̀wò ẹran rẹ̀ lábẹ́ maikirosikópù ló sì ń fìdí orúkọ rẹ̀ múlẹ̀. Kì í sábà padà.