Ẹni Inú Àlọ́ Lè Tù Wá Nínú

 

Àwọn kan máa ń bi wá pé: “Ẹni tó ti dàgbà, kí ni yóò fi ìtàn ṣe? Torí kí á lè mọ ohun tí òṣùwọ̀n òwú sọ, kí á sì lè ka ara ìgò oògùn, ni a ṣe ń kọ́ ìwé. Ìtàn, irọ́ ni. Ti ọmọdé ni.” Ìbéèrè náà dára. Ẹ jẹ́ kí á dáhùn rẹ̀ lónìí.

Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó bá Ìjàpá sọ̀rọ̀ lọ́nà oko rí. Ẹni inú àlọ́ kò ní ilé, kò ní oko. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rẹ̀, ìtìjú rẹ̀ àti ojúkòkòrò rẹ̀, tiwa ni. Nítorí èyí ni ọkàn wa ṣe ń fà mọ́ ọn.

1. Ó ń bá wa sọ ohun tí ẹnu wa kò lè sọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀. Yánníbo ń wá ọmọ, kò rí. Ìjàpá tọ babaláwo lọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó ní Yánníbo nìkan ni kí ó jẹ ẹ́. Òórùn àsèjẹ náà ta sánsán, Ìjàpá kò lè mú sùúrù, ó jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ sì wú. Bí apàlọ́ bá dé ibẹ̀, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ro ti obìnrin kan tí òun náà ń wá ọmọ, tó jókòó láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ikùn Ìjàpá ni ọkàn rẹ̀ wà. Yánníbo ni ó ń rò, tó wà nílé, tó ń retí àsèjẹ tí kò dé. Ó mọ bí irú ìrètí bẹ́ẹ̀ ti rí. Á wá yé e pé kì í ṣe òun nìkan ni irú rẹ̀ bá, àwọn àgbà tó pa àlọ́ yìí mọ̀ nípa ìrora náà. Bí ó bá ṣòro fún un láti sọ pé, “Báyìí ni ó ṣe ń dùn mí,” ó lè sọ pé, “Yánníbo ṣe mí láàánú.” Ọ̀rẹ́ tó gbọ́n á mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà ní òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Irú iṣẹ́ kan náà ni àlọ́ ń ṣe.

2. Ó ń fi ara wa hàn wá

Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó fẹ́ lọ gbé e kọ́ sórí igi. Ó so ó mọ́ àyà, kò rí igi gùn. Ẹnìkan tó ń kọjá lọ ní kí ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni Ìjàpá mọ̀ pé ọgbọ́n ṣì kù lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí a bá wí fún baálé kan pé, “Ìwọ kì í gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ,” ìjà lè dé. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá ń fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín, tí ó wá dákẹ́ lójijì, ó ti rí akèrègbè lórí àyà ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò dójú tì í.

3. Ó ń jẹ́ kí á mọ ẹ̀bùn wa

Ẹ̀yin tí ẹ ti lè ka ìwé gígùn, ẹ wá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Nàìjíríà, ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 1938. Nínú ìwé náà, Akàrà-ògùn ní kí akọ̀wé mú kálámù, kí ó kọ ohun tí ojú òun rí sílẹ̀. Ọba rán òun àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kako ní agbára. Ìmọ̀dóyé ní ọgbọ́n. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ohùn orin ni ti Olóhùn-iyọ̀. Ẹni tó bá rò pé òun kò wúlò nítorí pé òun kò lágbára, kí ó wo Olóhùn-iyọ̀: orin ni ẹ̀bùn tirẹ̀, síbẹ̀ wọn kò fi í sílẹ̀ sẹ́yìn.

4. Ìkìlọ̀ méjì

Èkíní: kí á fẹ́ràn ẹni inú ìtàn kò ní kí á ṣe gbogbo ohun tó ṣe. Nígbà tí Kako ń lọ sí Láńgbòdó, obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ, Kako sì pa á. Kí á yin agbára rẹ̀, kí á kọ ìwà yẹn.

Èkejì: ìtàn ń tu ọkàn nínú, kì í wo àìsàn. Ẹni tó ń wá ọmọ, kí tọkọtaya jùmọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ àwọn méjèèjì wò. Ohun tó fà á lè wà lára ọkùnrin, ó lè wà lára obìnrin. Ẹ má gbàgbé pé nínú àlọ́ yẹn, Yánníbo kọ́ ló jẹ àsèjẹ náà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́

Ta ni ẹ fẹ́ràn jù nínú àwọn ẹni inú àlọ́? Kí ni ó ṣe tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀? Èwo nínú ìwà rẹ̀ ni ẹ kò ní fẹ́ kí ọmọ yín kọ́? Kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó kà á sókè. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ẹ má fi ipá mú un. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ó kọ.

Ó dìgbà kan ná.