Ẹ má jẹ́ kí 01 ya ìyá àti ọmọ

Nílé wa ní Kétu, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni ìyá wa àgbà ń tọ́jú nọ́ńbà àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ẹfun la fi kọ wọ́n sára pákó, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ìyá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá fẹ́ pe ẹnì kan, á ké sí ọmọdé tó bá wà nítòsí, á fi ìka hàn án, ọmọdé á sì bá a tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kékeré rẹ̀ onítọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn di àtijọ́. Ọjọ́ náà ni nọ́ńbà fóònù nílẹ̀ wa kúrò ní mẹ́jọ, tó di mẹ́wàá. ARCEP, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ló kéde rẹ̀, kí nọ́ńbà lè tó fún àwọn èèyàn tó ń pọ̀ sí i. 01 ni wọ́n fi síwájú nọ́ńbà gbogbo. Kò sẹ́ni tó ní láti pààrọ̀ SIM.

Lójú ọ̀dọ́, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Nínú agboolé, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò bàbá wa kan ń gbé l'Ékòó. Alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pe Ìyá. Oṣù Kejìlá wọlé, fóònù kò dún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ìyá kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ òun ṣì ń bínú nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n sọ nígbà ìsìnkú tó kọjá.

Ọmọ náà sì ń pè, kò wọlé. Fóònù kékeré tí kò ní WhatsApp ni òun náà ń lò. Ó ti gbọ́ nípa 01, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣe ní Nàìjíríà ló ṣe é. Òdo ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà Nàìjíríà, ẹni tó bá sì ń pe ibẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè á yọ òdo náà lẹ́yìn +234. Ó yọ òdo tiwa pẹ̀lú, ó ku 1. Ti Bẹ̀nẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. +229 ni, kí 01 tẹ̀ lé e, kí nọ́ńbà mẹ́jọ àtijọ́ tó wá. Òdo kì í kúrò níbẹ̀.

Oníṣòwò kan tó gba Ìlárá wọlé ló jíṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Nọ́ńbà tirẹ̀ kò yí padà rárá. À bá ti pè é láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Àwa tí à ń kọ ìròyìn 01 fún ará ìlú, a kò wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé wa. A pè é fún Ìyá lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó ti jẹun. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ẹ gba fóònù àwọn àgbà yín wò lónìí. Ẹ fi +229 01 síwájú nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ àti ara ògiri pẹ̀lú. Ẹ pe àwọn tó wà l'Ékòó, Lomé àti Abidjan, kí ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òdo yẹn fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè pé òun fẹ́ bá yín tún nọ́ńbà ṣe, tó ń béèrè nọ́ńbà àṣírí owó orí fóònù yín, ẹ má fún un. 01 kò nílò rẹ̀.

A ti tún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn Ìyá kọ. Ó ní ká fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú, bóyá wọ́n á tún fi òmíràn kún un.