Ẹ̀yin Tí Owó Ilé Èkó Ń Lé Kiri, Ẹ Wo Ìkòròdú Wò

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà wá kí mi nílé. Kò tíì mu omi tí ìyàwó mi gbé fún un tán tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́. Ó ní, "Tíṣà, onílé mi tún ti bu owó lé owó ilé. Bí mo bá san ti ìsọ̀ tán, ó ku ti ilé. Bí mo bá san ti ilé tán, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti dé. Níbo ni kí n forí lé?"

Mo bi í pé, "Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ ti wo Ìkòròdú wò rí?" Ẹ̀rín ni ó fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Ìkòròdú kẹ̀? Ṣé kí n padà sí oko ni?"

Ẹ̀rín yẹn ni ó mú mi gbé kálàmù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rò bí ó ti ń rò. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbé Ìkòròdú, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Mo ti jẹ nínú oyin rẹ̀, oyin rẹ̀ sì ti ta mí pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní kọ́bọ̀ láti polówó rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá má baà wá ní òpè.

ÌLÚ ÒWÒ NI LÁTI ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ

Ìkòròdú kì í ṣe abúlé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lẹ́bàá Èkó. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ni pé àwọn ará Rẹ́mọ tí wọ́n ti Ṣágámù wá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, àti pé "Oko Odù" ni a ń pè é tẹ́lẹ̀ nítorí ewé odù tí ó pọ̀ níbẹ̀. Ayángbúrẹn ni orúkọ oyè ọba rẹ̀ títí di òní.

Ibi tí wọ́n tẹ ìlú náà dó sí ni ọlá rẹ̀. Ó wà ní etí ọ̀sà, ó kọjú sí Èkó, ó kẹ́yìn sí Rẹ́mọ àti Ìbàdàn. Epo àti ẹ̀kùrọ́ tí ń ti òkè bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Iyọ̀ àti aṣọ tí ń ti Èkó bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà gòkè. Nítorí ọ̀nà òwò yìí ni àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti Ìkòròdú ní 1865, tí Glover, ẹni tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fi rán àwọn ọmọ ogun láti lọ tú wọn ká ní oṣù Mẹ́ta ọdún náà. Ní 1894 ni ìlú náà bọ́ sábẹ́ àkóso àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a sì dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967, Ìkòròdú jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ka márùn-ún rẹ̀: Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Lagos àti Ẹ̀pẹ́. Ẹ kó lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn jọ, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ náà "ìbílẹ̀".

Kí ẹni tí ń pe ibẹ̀ ní oko tún èrò rẹ̀ pa. Ta ni ó ń kó ogun jọ nítorí oko ẹ̀fọ́ lásán?

OHUN TÍ ONÍṢÒWÒ LÈ RÍ NÍBẸ̀

Nínú ìkànìyàn 2006, ènìyàn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú ju 500,000 lọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Gbogbo wọn ni ó ń jẹun, tí ó ń wọṣọ, tí ó ń ra bàtà fún ọmọ. Èyí nìkan tó ọjà fún ẹni tí ó bá mọ òwò ṣe.

Ní Odòguńyàn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tò lọ bẹẹrẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń wá oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ń wá yàrá. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní Pólì tẹ́lẹ̀, tí ó ti wà láti 1977, di Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Tẹkinọ́lọ́jì ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Ẹni tí ó ń ta ìwé, tí ó ń tẹ̀wé, tí ó ń dínrà tàbí tí ó ń gẹrun kò ní ṣàì rí oníbàárà níbẹ̀. Ní Ìmọ̀tà, ní oṣù kìíní 2023, a ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tí a kọ́ láti máa ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ní Májídùn àti Bàyékù, àwọn apẹja wà létí omi. Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù a máa rí ẹja tútù rà. Ní ọjà Sábó, Hausa àti Yorùbá jọ ń ná ẹrù lọ́wọ́ ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó ń bi ọ́ pé ọmọ taa ni ọ́, bí owó rẹ bá ti pé.

Mo tún gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan iná. Ní Ẹ̀gbìn, lẹ́bàá Ìjẹdẹ, ni ilé-iṣẹ́ mànàmáná tí a kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320 wà, láti nǹkan bí 1985. A ní ẹni tí ń gbé etí odò kì í fi itọ́ fọ ojú. Ní Ìkòròdú, à ń fi í fọ ojú nígbà mìíràn! Wáyà ńlá ń kọjá lórí òrùlé, iná kò sì sí nínú gílóòbù. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe òwò tí ń fẹ́ iná, bí yìnyín tàbí aṣọ rírán, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn ará àdúgbò bí iná ṣe ń ṣe sí wọn, kí ó tó san owó ìsọ̀.

Ọ̀NÀ ŃKỌ́?

Láti àárín Èkó dé Ìkòròdú jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 36. Ní oṣù kọkànlá 2015, ìjọba ṣí ọ̀nà àdáni fún àwọn bọ́ọ̀sì ńlá láti Máìlì 12 dé Ìkòròdú, ìrọ̀rùn ńlá sì ni. Síbẹ̀, n kò ní parọ́: bí ọkọ̀ bá há ní Máìlì 12 ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó bọ́ sínú rẹ̀ yóò ronú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán kí ó tó délé. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: ọkọ̀ ojú omi ń gbéra láti èbúté Ìpakodò lọ sí Erékùṣù Èkó. Kí ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ béèrè ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó, kí ó sì dè é dáadáa.

Ìmọ̀ràn mi ni èyí: má wá gbé Ìkòròdú kí o sì máa lọ Èkó lójoojúmọ́ bí o bá lè yẹra fún un. Òbí tí ó bá jáde kí àwọn ọmọ tó jí, tí ó wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti sùn, mo máa ń mọ ọmọ irú wọn nínú kíláàsì. Ibi tí o bá gbé ni kí o gbìyànjú láti tajà. Máa lọ Ìdúmọ̀tà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti rajà, kí o wá tà á nílé.

Ẹ̀RÙ ILẸ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dun mí jù. Ní ọdún kejì tí mo dé, mo kó gbogbo owó tí èmi àti ìyàwó mi fi ọdún mẹ́fà pamọ́, mo fi ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ onílẹ̀. Ó fún mi ní rìsíìtì, ó sì fi ọtí ṣàdúrà fún mi. Nígbà tí mo da yanrìn síbẹ̀, ìdílé mìíràn yọ sí mi. Wọ́n ní àwọn ni ó ni ilẹ̀, àwọn sì ti tà á fún ẹlòmíràn. N kò rí owó náà gbà padà di òní. Ìyàwó mi kò bú mi, ṣùgbọ́n fún oṣù kan gbáko, bí ó bá ń ka owó ọbẹ̀, n kì í lè wo ojú rẹ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Èkíní, ẹ má sanwó lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí ilẹ̀. Èkejì, ẹ gba sọ́fèyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á, kí ó wọn ilẹ̀ náà kí ó sì wò ó ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí lọ́yà tiyín wádìí bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí sì fọwọ́ síwèé lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ bi àwọn tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ léèrè. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin ní 2016 láti fi ìyà jẹ àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀ àti àwọn tí ń ta ilẹ̀ onílẹ̀, ṣùgbọ́n kí òfin tó gbà ọ́, owó rẹ ti lọ. Bí wọ́n bá sì sọ fún ọ pé ilẹ̀ náà wọ́n nítorí afárá ńlá tí ìjọba fẹ́ kọ́, ilẹ̀ ni kí o rà, má ra ìlérí.

Àwọn kan yóò tún bi mí nípa ẹgbẹ́ apààyàn Badoo tí wọ́n kó jìnnìjìnnì bá Ìkòròdú ní 2016 àti 2017. Òótọ́ ni. Àwa tí a wà níbẹ̀ kò sùn. Ọlọ́pàá, àwọn ọdẹ àti àwọn ará àdúgbò jọ dìde sí wọn ni. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà ní òpópónà mi. Kí o tó gba ilé, bèèrè bóyá ẹgbẹ́ àdúgbò ń ṣèpàdé. Níbi tí wọn kò bá ti mọ ara wọn, má gbé ibẹ̀. Kí àwọn obìnrin sì máa bèèrè ọjọ́ tí ìlú ń ṣe Mágbó, nítorí wọn kì í jáde nígbà náà.

ILÉ LÀ Ń WÒ

Bàbá Ṣadé wá ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti òun rìn láti Ògólóńtò dé Sábó, a sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbógbo. Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ iye tí wọ́n ń gba yàrá àti ìsọ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣùgbọ́n kò yára bẹ́ sí i, mo sì yìn ín. Kò pa ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà dé. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gba ìsọ̀ kékeré kan fún ọdún kan, láti fi dán ọjà wò. Bí ó bá yọrí sí rere, gbogbo ilé yóò ṣí wá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ẹ̀yin tí ọkàn yín ń fà síbẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ wá wò ó ní òjò, ẹ wá wò ó ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wá wò ó ní alẹ́. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kú àbọ̀. Ìlú tí ọ̀nà òwò sọ di ńlá kì í lé oníṣòwò.